Èròǹgbà tó Ṣeé Rí: Ọ̀nà láti Mú Ìkẹ́kọ̀ọ́ Múná Dóko ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Agbègbè Àkúrẹ́

Ìfáàrà

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kan tí kò mọ gbólóhùn yìí sórí: “Ní òpin ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè...” Abẹ́ àkọlé Èròǹgbà ni ó máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́, lẹ́yìn déètì, kíláàsì, iye akẹ́kọ̀ọ́ àti orí-ọ̀rọ̀. Ohun tí ó máa ń tẹ̀lé gbólóhùn náà ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀, “mọ̀”, “ní òye”, “mọ rírì” tàbí “ní ìmọ̀ kíkún nípa” ni ó ń tẹ̀lé e. Alábòójútó yóò fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, yóò sì ní kí wọ́n tún un kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò pa “mọ̀” rẹ́, yóò fi “ṣàlàyé” rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò lọ kọ́ ẹ̀kọ́ náà gan-an bí ìbá ṣe kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe yí padà, ẹ̀kọ́ kò yí padà.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé èròǹgbà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ orí ìwé. Òun ni ó ń pinnu ohun tí olùkọ́ yóò tẹ́tí sí nígbà tí ọmọ bá lanu dáhùn, àṣìṣe tí yóò dá dúró tún ṣe, àti èyí tí yóò fojú fò. Agbègbè Àkúrẹ́ ni iṣẹ́ náà ti mú àpẹẹrẹ, pàápàá irú ìlú bí Ìta-Ògbólú ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́, tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, èdè tí ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá inú ìwé gẹ́lẹ́, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Bákan náà, Àkúrẹ́ ni Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ti ṣe ìpàdé rẹ̀ kọkàndínláàádọ́rin ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, níbi tí wọ́n ti fagi lé ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni. Ọ̀rọ̀ náà yóò tún jẹ yọ níwájú.

Kí ni a ń pè ní èròǹgbà?

Ralph Tyler ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà sí ipò tí gbogbo ayé fi ń lò ó lónìí. Nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1949, ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣètò ẹ̀kọ́ bi ara rẹ̀ pé: kí ni ilé-ìwé fẹ́ ṣe? Ìrírí wo ni yóò mú un ṣẹ? Báwo ni wọn yóò ṣe to ìrírí wọ̀nyí? Báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ pé ó ti ṣẹ? Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e ní ọdún 1956, wọ́n pín iṣẹ́ ọpọlọ sí ìpele mẹ́fà, láti orí ìrántí títí dé ìgbéléwọ̀n. Anderson àti Krathwohl ṣe àtúnṣe sí i ní ọdún 2001. Èyí tí ó wúlò jù fún olùkọ́ inú kíláàsì ni ti Robert Mager (1962). Ó ní èròǹgbà tó yè kooro gbọ́dọ̀ sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe tí ojú lè rí tàbí tí etí lè gbọ́, ipò tí yóò ti ṣe é, àti bí ó ṣe gbọ́dọ̀ dára tó kí wọ́n tó gbà pé ó ṣe é.

Àlàyé Mager kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti jókòó sí ìsọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ Yorùbá rí. Ọ̀gá télọ̀ kì í sọ pé ọmọ-iṣẹ́ òun ti “ní òye” bùbá. Yóò gbé aṣọ fún un, yóò ní kí ó wọn oníbàárà, kí ó gé e, kí ó sì rán an. Bí ọrùn bá fẹ̀ jù tàbí tí apá kan gùn ju èkejì lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, aṣọ fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí. Ìgbà tí ó bá ń rán an láìjẹ́ pé ọ̀gá dúró tì í ni ọjọ́ fíríìdọ̀mù rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́lé. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, ipò wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n wà níbẹ̀. Ohun ìyàlẹ́nu ni pé olùkọ́ tí kò jẹ́ gbé léèsì rẹ̀ fún ọmọ-iṣẹ́ tí kò gé aṣọ rí, òun kan náà ni yóò gbà pé gbogbo kíláàsì òun ti mọ òǹkà nítorí pé wọ́n pariwo pé “Ó yé wa!”

Àpẹẹrẹ kan: ẹ̀kọ́ òǹkà

Òǹkà Yorùbá dára fún àpẹẹrẹ nítorí pé gbogbo ilé-ìwé ní í kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sì í lè lò ó. Bí olùkọ́ bá kọ ọ́ pé “akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ òǹkà láti oókan dé àádọ́ta”, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì kò ṣòro láti sọ tẹ́lẹ̀. Yóò kọ nọ́ńbà sí ojú pátákó, yóò fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ yóò sì máa pè é tẹ̀lé e, ohùn wọn yóò dún dé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Nígbà tí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, olùkọ́ yóò bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Ṣùgbọ́n kí ó pe ọmọ kan ṣoṣo dìde, kí ó sì tọ́ka sí 37 láìtò ó. Ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ètè láìfọhùn, yóò máa fi ìka kà á bọ̀ láti mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí ó tó dé ibi tí wọ́n ń bi í. Orin ni ọmọ náà kọ́. Bí wọ́n bá dá a dúró láàárín orin, kò mọ ibi tí ó wà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí èròǹgbà náà yí padà sí báyìí: “Bí olùkọ́ bá kọ nọ́ńbà mẹ́wàá láàárín 21 sí 50 sí ojú pátákó láìtò wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè pe mẹ́jọ nínú wọn bó ti tọ́, yóò sì lè fi ekùrọ́ ṣàfihàn bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá mẹ́ta nínú wọn.” Ariwo kò lè mú èyí ṣẹ. Ó di dandan kí ẹ̀kọ́ náà yí padà. Olùkọ́ nílò ekùrọ́ tàbí òkúta wẹ́wẹ́, èyí tí kò ná ilé-ìwé ní kọ́bọ̀. Ó nílò kí ọmọ kó òkìtì ogún méjì jọ, kí ó mọ̀ pé ogún méjì náà ni ogójì, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ẹ̀ta kúrò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì ni orúkọ nọ́ńbà náà ń ròyìn: ẹ̀ta dín ní ogójì, ẹ̀tàdínlógójì. Bí ó bá jẹ́ 34 ni, ẹ̀rin ni yóò rò mọ́ ọgbọ̀n, ẹ̀rìnlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn bí àpẹẹrẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọmọ tí ojú rẹ̀ mú yóò ti rí òfin náà fúnra rẹ̀: bí nọ́ńbà bá fi oókan sí ẹ̀rin kọjá ẹ̀wá, lílé ni, bí ó bá ku àrún sí oókan kí ẹ̀wá tí ó kàn tó pé, dídín ni. Ìdí sì nìyí tí èròǹgbà kejì fi bẹ̀rẹ̀ láti 21. Ìṣẹ̀dá mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá yàtọ̀ díẹ̀, 15 sì ní orúkọ tirẹ̀, ẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ọmọ kò lè tú palẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mìíràn ni tiwọn.

Èròǹgbà kejì yìí tún tú àṣírí kan. Ọmọ tí kò bá mọ ogún, ọgbọ̀n, ogójì àti àádọ́ta ní àmọ̀dájú kò lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà rárá. David Ausubel (1968) sọ pé nínú gbogbo ohun tí ń nípa lórí ìkẹ́kọ̀ọ́, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ máa ń kọ “Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ nípa òǹkà rí” sínú àkọsílẹ̀ wọn, bí ẹni pé gbígbọ́ nìkan tó. Tí èròǹgbà bá ṣe pàtó, ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá náà yóò ṣe pàtó, olùkọ́ yóò sì lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ wádìí rẹ̀ dípò kí ó máa ro ó. Kò sì yẹ kí ó fọkàn sí i pé ilé ti bá òun ṣe é. Lẹ́nu ìyá tí ń ta ata pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń gbọ́ iye owó báyìí.

Ìdánwò tí ó dára jù fún ẹ̀kọ́ yìí ni nọ́ńbà tí olùkọ́ kò kọ́ wọn. Kí ó sọ fún wọn pé ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, kí ó sì bèèrè 58. Ọmọ tí ó bá dáhùn pé èjìdínlọ́gọ́ta ti kúrò ní ìpele ìrántí tí Bloom sọ, ó ti dé ìpele ìlò. Kí olùkọ́ má sì jẹ́ kí inú òun dùn jù lọ́jọ́ náà. Láti ọdún 1885 ni Hermann Ebbinghaus ti fi ìwádìí tí ó ṣe lórí ara rẹ̀ hàn pé kíá ni ohun tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ń sá kúrò lọ́kàn, àyàfi bí ó bá padà sí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nọ́ńbà mẹ́wàá ti ọjọ́ Ajé yẹ kí ó tún fara hàn lójú pátákó ní ọjọ́ Ẹtì, àti ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, láìsí ìkìlọ̀.

Ibi tí èròǹgbà kò tó

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó gba ti Mager. Elliot Eisner (1969) ní iṣẹ́ ọnà kò ṣeé fi òṣùwọ̀n dì ṣáájú, Lawrence Stenhouse (1975) sì kìlọ̀ pé ìmọ̀ gidi máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ dé ibi tí olùkọ́ kò lérò. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Olùkọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé “akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè dárúkọ ẹ̀kọ́ márùn-ún tí àlọ́ yìí kọ́ wa” ti pa àlọ́ náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ó tó kí èròǹgbà sọ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ yóò ṣe: kí wọ́n gbé orin àlọ́ náà, kí wọ́n pín ìjàpá àti ẹranko tó kù láàárín ara wọn, kí ọmọ kan sì yí ìparí rẹ̀ padà. Ohun tí yóò jáde níbẹ̀ kò ṣeé kà ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi Eisner bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Òǹkà, àmì ohùn àti àkọtọ́ kì í ṣe àlọ́.

“Ilé” tàbí “ulé”?

Adetugbo (1967) pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ìsọ̀rí mẹ́ta ńlá: ti àríwá ìwọ̀-oòrùn, ti gúúsù ìlà-oòrùn, àti ti àárín gbùngbùn. Ti àárín gbùngbùn ni Àkúrẹ́ bá lọ, pẹ̀lú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀. Ti gúúsù ìlà-oòrùn ni ìlú Oǹdó. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ọmọ Oǹdó tí wọ́n rán lọ kọ́ni ní Ìta-Ògbólú kò tíì kúrò ní ìpínlẹ̀ kan náà, síbẹ̀ ó ti wọ inú ẹ̀ka-èdè mìíràn. Èyí tí ó bá wá láti Ọ̀yọ́ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀-orúkọ tí fáwẹ̀lì i bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò máa ń fi u bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀ka-èdè àárín gbùngbùn. “Ulé” ni wọ́n ń pe “ilé”. Ọmọ tí ó bá kọ “ulé” sínú ìwé rẹ̀ ti kọ ohun tí ó ń gbọ́. Ṣé àṣìṣe ni? Èròǹgbà ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni yóò dáhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ àkọtọ́ ni, tí èròǹgbà sì sọ pé kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ní ìlànà Yorùbá àjùmọ̀lò, àṣìṣe ni. Kí olùkọ́ tún un ṣe, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi èdè ilé ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé àròkọ oníròyìn ni, tí èròǹgbà sọ pé kí ọmọ to ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀léra wọn kí ó má lọ́jú pọ̀, “ulé” kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú máàkì ọjọ́ náà. Ìlà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àwùjọ ni, tí ọmọ ń ṣàlàyé lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ mọ ilé láyé àtijọ́, olùkọ́ tí ó bá dá a dúró nítorí fáwẹ̀lì kan ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sọ. Ọmọ tí wọ́n bá dá dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́nà yìí kì í nawọ́ sókè mọ́. Olùkọ́ tí kò ní èròǹgbà kan pàtó lọ́kàn ni ó ń tún gbogbo nǹkan ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé kò mọ èyí tí ó ń wá.

Ohun tí Modákẹ́kẹ́ fi hàn

Ọ̀rọ̀ yìí tún tóbi sí i nígbà tí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ gbogbo iṣẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti wádìí rẹ̀ dáadáa bí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà níbẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ kíláàsì ìwádìí ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni ó sì ń kọ́ ọ. Kíláàsì ìfiwéra lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé-ìwé gbogbo. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn iṣẹ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1989 ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́.

Àwọn kan ti sọ pé ìwé tuntun tí wọ́n kọ fún ìwádìí náà àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dáńtọ́ wà lára ohun tí ó mú èsì náà dára. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì ba ẹjọ́ náà jẹ́. Ohun tí kì í sábà hàn sí àwọn tí ń tọ́ka sí Modákẹ́kẹ́ ni pé èròǹgbà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ níbẹ̀. Èròǹgbà sáyẹ́ǹsì jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì fi èdè tí ọmọ gbọ́ díwọ̀n rẹ̀. Èròǹgbà Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ó ní àkókò tirẹ̀, ó sì ní olùkọ́ tirẹ̀. Nínú kíláàsì ìfiwéra, láti ọdún kẹrin lọ, wọ́n di méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn.

Lẹ́yìn ìpinnu Àkúrẹ́

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977 fọwọ́ sí èdè abínibí fún ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlànà èdè ti ọdún 2022 sún un dé ọdún mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí ti Modákẹ́kẹ́. Ìpàdé Àkúrẹ́ ti ọdún 2025 fagi lé e. Nígbà tí Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde rẹ̀ nínú oṣù kan náà, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa fi kọ́ni láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì tọ́ka sí bí àwọn ọmọ ṣe ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù. Ọ̀rọ̀ pọ̀ láti sọ lórí ìyẹn, nítorí pé ìwọ̀nba ilé-ìwé ìjọba ni ó tíì lo ìlànà 2022 débi tí ènìyàn fi lè fi èsì ìdánwò àṣekágbá dá a lẹ́jọ́. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kò tíì dé kíláàsì WAEC. Ṣùgbọ́n olùkọ́ Ìta-Ògbólú kò sí lára àwọn tí ń ṣòfin. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Kí a gbà pé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni ní kíláàsì karùn-ún: ohun tí irúgbìn nílò láti hù. Olùkọ́ ti ní kí wọ́n gbin agbàdo sínú agolo méjì, kí wọ́n máa bu omi sí ọ̀kan, kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀ ní gbígbẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ohun tí ó fà á tí agolo kejì kò fi hù. Ọmọ kan dìde, ó ní, “The maize don't grow because no water.” Òmíràn, ọmọ àgbẹ̀, jókòó jẹ́ẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ó tilẹ̀ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó ti rí agbàdo tí wọ́n so mọ́ òrùlé ilé ìdáná fún odidi ọdún tí kò hù níbẹ̀, tí ó sì hù nígbà tí òjò rọ̀ lóko. Kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé máàkì, òdo ni yóò gbà nínú sáyẹ́ǹsì.

Èròǹgbà kan ṣoṣo ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ olùkọ́ náà, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni ó fi díwọ̀n. Ìlà méjì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Èkínní: nígbà tí ọmọ bá wo agolo méjèèjì, yóò lè sọ ohun tí irúgbìn nílò láti hù, kí ó sì fi ohun tí ó rí gbè é lẹ́sẹ̀, ní èdè tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èkejì: yóò lè sọ ọ́ ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ní *because* nínú, lẹ́yìn tí olùkọ́ bá ti fún un ní àpẹẹrẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà bí ìjọba ṣe fẹ́. Ìgbéléwọ̀n ni ó pín sí méjì. Ọmọ àgbẹ̀ yóò sọ ti òrùlé ilé ìdáná ní ohùn Ìta-Ògbólú, yóò gba máàkì sáyẹ́ǹsì rẹ̀ pé, gbogbo kíláàsì yóò sì gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé wọn. Olùkọ́ yóò kọ “The maize don't grow” sí ẹ̀yìn àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò sì ní tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Bí ó bá di àkókò Gẹ̀ẹ́sì ní Ọjọ́bọ̀, yóò kọ ọ́ sí ojú pátákó láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, yóò sì bi wọ́n ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀.